Màmá Ìbarà, Dókítà Tó Fi Ìsinmi Ṣe Iṣẹ́

Ní ọjọ́ tí a sin Màmá Ìbarà, ìyá tó bí ìyá mi, kò sí ẹni tó wá kí wa tí kò sọ pé, "Màmá ti lọ sinmi." Àlùfáà sọ ọ́ nínú ìwàásù. Àwọn ìyá ìjọ tún un sọ bí wọ́n ṣe ń bu omi mu. Mo jókòó sáàárín wọn, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n lábẹ́ àga, inú sì ń bí mi. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ mí. Gbólóhùn yẹn gan-an ni Màmá kórìíra nígbà ayé wọn. Bí àwọn èèyàn bá sọ ọ́ níbi òkú ẹlòmíràn, Màmá á fẹnu sí mi létí, wọ́n á fi oríkì mi pè mí: "Àbẹ̀kẹ́, ẹni tó bá dúró de sàréè kó tó sinmi, ó ti pẹ́ jù."

Dókítà ni Màmá. Dókítà lèmi náà. Ìyá mi tó wà láàárín wa, tí mò ń pè ní Màmi, tíṣà ni wọ́n, wọ́n sì ti di ọ̀gá iléèwé báyìí. Màmá kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn nígbà tí obìnrin dókítà ṣì ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Wọ́n ṣiṣẹ́ ìjọba, lẹ́yìn náà wọ́n dá ilé ìwòsàn kékeré tiwọn sílẹ̀ ní Ìbarà, wọ́n sì ń gbé lókè rẹ̀. Ẹ má retí kí n to ìtàn ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mi ò lè jókòó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bí nǹkan ṣe ń wá sí mi lọ́kàn ni mò ń kọ ọ́. Mo kọ díẹ̀, mo dìde, mo rìn yí ilé ká, mo padà wá jókòó.

Ẹni tí kò mọ Màmá lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ìsinmi lẹ́nu wọn kó rò pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Irọ́ ni. Ara wọn kì í balẹ̀ rárá. Wọn kì í lè jẹun tán kí wọ́n má dìde lọ wo nǹkan. Bí gbogbo wa bá ń wo tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á máa ká aṣọ. Síbẹ̀, lójoojúmọ́, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n á wọ yàrá, wọ́n á fa kọ́tìnì, wọ́n á dùbúlẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń yọjú wò wọ́n. Wọn kì í sùn. Ojú wọn là sílẹ̀ kedere, ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn ń jó, wọ́n ń wo àjà bí ẹni tó ń wo ọ̀tá. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé, "Màmá, tí oorun ò bá kùn yín, kí ló dé tẹ́ ẹ ò dìde?"

Wọn ò yíjú sí mi. "Ìwọ rò pé mò ń gbádùn ẹ̀ ni? Iṣẹ́ ni mò ń ṣe níbí. Òun ló sì le jù nínú gbogbo iṣẹ́ mi."

Màmá máa ń jà, ọ̀pọ̀ ìjà wọn ló sì dá lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún kan, ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ fẹ́ fi wọ́n jẹ oyè. Wọ́n ti kọ orúkọ oyè náà sára pátákó dídán: Ìyá Tí Kì Í Sùn. Ìdí ni pé láyé àtijọ́, kò sí àsìkò téèyàn kan ilẹ̀kùn Màmá tí wọn ò dìde. Èmi àti Màmi jókòó níwájú, inú Màmi sì ń dùn. Màmá gun orí pèpéle, wọ́n gba pátákó náà, wọ́n kà á, wọ́n dá a padà sọ́wọ́ ìyá ẹgbẹ́. Wọ́n kí ìjọ, wọ́n dúpẹ́, wọ́n wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àìsàn mi ṣe oyè fún mi."

Màmi ò bá wọn sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Bí Màmá ṣe ń ṣe sí àwọn ọ̀dọ́ dókítà tó ń wá kí wọn náà nìyẹn. Obìnrin kan nínú wọn ń ṣàròyé lọ́jọ́ kan, ó ní òun kì í mu omi lójú iṣẹ́, kí òun má baà máa dìde lọ sí ilé ìtọ̀ nígbà tí aláìsàn pọ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bu omi fún un, wọ́n dúró tì í títí ó fi mu ún tán. "Ta ló sọ fún ọ," wọ́n bi í, "pé ara tìrẹ kì í ṣe ara?"

Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba kan nínú ìlú wa, a pọ̀ ní ẹ̀ka àwọn ọmọdé. Kò pẹ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í jápa. Ọ̀kan lọ sí Ìlú Ọba, òmíràn lọ sí Kánádà, àwa tó kù sì ń pín iṣẹ́ wọn ṣe. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé. Èmi àti Ire, ọmọbìnrin wa, la máa ń wà nílé ní Adigbe. Ọkùnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ á délé bá oúnjẹ lórí tábìlì. Èmi á délé bá ìkòkò tí kò tíì gorí iná, aṣọ iléèwé tí ẹnì kan ò tíì fọ̀, àti ọmọ tó ti ń retí mi látàárọ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ kú nínú mi ni àánú, mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tó kú. Ìyá kan sunkún níwájú mi nítorí ọmọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, mò ń wo ẹnu rẹ̀, mò ń rò ó pé ìgbà wo ló máa sọ̀rọ̀ tán. Ara mi ò gba oúnjẹ. Oorun tí mò ń wá lójú iṣẹ́, mo délé, mi ò rí i. Lọ́jọ́ kan, Ire pọn ọmọláńgidi rẹ̀, mo sì gbọ́ tó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún pé, "Dákẹ́, dákẹ́, Mọ́mì ti dé, ó ti rẹ̀ wọ́n, má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gbóhùn ẹ." Mo wọ ilé ìwẹ̀, mo ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kó má baà gbọ́ ẹkún tèmi.

Lẹ́yìn náà ni mo sùn lọ nídìí ọkọ̀ ní ọ̀nà Adigbe, lọ́sàn-án gangan. Ọkọ̀ wọ gọ́tà. Ọlọ́run yọ mí, kò sí ẹni tó fara pa. Àwọn ọlọ́kadà ló bá mi gbé e jáde. Mo sọ fún Màmi, Màmi sọ fún Màmá Ìbarà. Màmi ní kí n dúpẹ́, kí n máa gbàdúrà kí n tó jáde nílé. Lọ́jọ́ kejì, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ síbi iṣẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni Màmá ṣe ohun tí mi ò lè gbàgbé láyé.

Mò ń rí àwọn aláìsàn ní yàrá mi, èèyàn sì pọ̀ níta. Nígbà yẹn, mi ò kì í gbójú sókè mọ́ tí ẹnì kan bá wọlé. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni mo ṣì máa ń kọ lọ́wọ́. Ẹnì kan wọlé, ó jókòó.

"Orúkọ?" ni mo wí.

Mo ṣí ojú ìwé tuntun, mo tún bi í.

"Ẹ jọ̀ọ́ Mà, kí lorúkọ ọmọ tẹ́ ẹ gbé wá?"

"Àbẹ̀kẹ́."

Mo gbójú sókè. Màmá Ìbarà ni. Wọ́n wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n wé gèlè, ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọn wà láàárín orúnkún méjèèjì. Wọ́n ti wà lórí bẹ́ǹṣì látàárọ̀ pẹ̀lú àwọn ìyá ọlọ́mọ, wọ́n ń sún díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kàn wọ́n.

"Màmá! Kí lẹ wá ṣe níbí? Ta ló gbé yín wá?"

"Ọmọ ni mo gbé wá. Kò sùn, kò jẹun, kò sì mọ èèyàn mọ́. Ṣé ẹ máa ń tọ́jú irú ẹ̀ níbí?"

Wọ́n fi ọ̀pá gbé ara wọn dìde. "Mú báàgì ẹ."

"Màmá, èèyàn pọ̀ níta."

"Mo mọ̀. Èmi àti wọn la jọ jókòó."

Wọ́n fà mí lọ́wọ́ lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá wa. Ọ̀dọ̀ Màmá ni ọ̀gá wa yìí ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di dókítà. Bó ṣe rí wọn, ó dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú kóòtù funfun rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Mà. Ẹ ò bá ti pè mí, ǹ bá wá bá yín nílé."

"Dìde, ọmọ mi. Mo wá mú ọmọ mi lọ sílé ni. Ara ẹ̀ ò yá."

Ó wò mí. "Kí ló ń ṣe é, Mà?"

"Ó ti rẹ̀ ẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí òun náà ò sùn. "Mà, gbogbo wa ló ti rẹ̀."

"Á jẹ́ pé gbogbo yín lara yín ò yá."

"Ta ló máa wá rí àwọn ọmọ tó wà níta, Mà? Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé dókítà kì í fi aláìsàn sílẹ̀? Ẹ ní tí ẹsẹ̀ bá ṣì lè gbé wa dúró, ká dúró."

Màmá ní, "Mo sọ bẹ́ẹ̀. Mo kọ́ ọ pé kó o ṣiṣẹ́ títí wàá fi ṣubú, o sì gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Mo wá gba ẹ̀kọ́ yẹn padà lọ́wọ́ ẹ ni."

Ọ̀gá wa kọjú sí fèrèsé. Nígbà tó yá, ó ní kí n máa lọ, òun fúnra òun máa jókòó sí yàrá mi fún ìyókù ọjọ́ náà. Bí a ṣe ń kọjá níwájú bẹ́ǹṣì, Màmá dúró, wọ́n bẹ àwọn ìyá náà pé kí wọ́n má bínú, dókítà mìíràn ń bọ̀. Obìnrin kan tó pọn ọmọ sẹ́yìn ló dá wọn lóhùn. "Ẹ máa mú wọn lọ, Mà. Ọjọ́ tá a ti ń rí wọn, à ń sọ láàárín ara wa pé dókítà yìí máa ṣubú."

Màmi dé Ìbarà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn wọn. Wọn ò tiẹ̀ kí ẹnikẹ́ni.

"Màmá, ẹ lọ fa ọmọ mi jáde lẹ́nu iṣẹ́ níṣojú gbogbo ayé? Kí ni mo fẹ́ sọ fáwọn èèyàn? Pé ọ̀lẹ ni?"

"Sọ fún wọn pé ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì ń sinmi."

"Sinmi!" Màmi ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú pálọ̀. "Ẹ̀yin lẹ wá mọ ìsinmi lónìí? Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ibà ń ṣe mí lọ́jọ́ kan, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn aláìsàn yín, torí ọ̀nà tí mo fi lè rí yín nìyẹn. Nígbà tó kàn mí, mo wọlé. Ẹ ò gbójú sókè. Ẹ ní, 'Orúkọ?'"

Mo wo Màmá. Mo wá mọ ìdí tí wọ́n fi lọ tò sáàárín àwọn aláìsàn tèmi láàárọ̀ yẹn.

Ọmọ ìka wọn ń jó lórí ọ̀pá. "Òótọ́ ni," wọ́n wí. "O sọ orúkọ ẹ fún mi. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó mọ̀ pé orúkọ ọmọ mi ni."

Màmi dúró sójú kan.

Ìgbà náà ni Màmá sọ èyí tó kù. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Màmá ti ilé ìwòsàn wọn pa, tí wọ́n mú Màmi lọ sí abúlé bàbá tó bí Màmá, lẹ́yìn Owódé. Àwọn èèyàn wọn níbẹ̀, ọlọ́rìṣà ni wọ́n, àgbẹ̀ ni wọ́n. Wọ́n tẹ́ni fún ìyá àtọmọ, wọn ò sì bi wọ́n ní nǹkan kan. Nílùú, àwọn èèyàn ń sọ pé orí dókítà ti dàrú. Màmi rántí abúlé náà, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ti rò láti kékeré ni pé Màmá fẹ́ fi àwọn sílẹ̀ síbẹ̀ ni.

"Ẹ ò sọ fún mi rí," ni Màmi wí.

"Ojú ń tì mí. Nígbà tá a sì padà dé, kò pẹ́ tí iṣẹ́ tún gbé mi mì. Láàárín àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e náà ni mo kọ́ ọ̀gá Àbẹ̀kẹ́ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́." Wọ́n nawọ́ sí mi. "Ọmọ ẹ yìí ti ń sáré kiri ilé kí n tó mọ̀ pé ìsinmi kì í ṣe ibi téèyàn ń sá lọ. Ohun téèyàn ń ṣe lójoojúmọ́ ni."

Màmi wọ ilé ìdáná lọ ro láfún, gbogbo wa sì jọ jẹ ẹ́.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ìsinmi tí mo lọ ṣe ní Ìbarà ò dùn. Bí mo bá dùbúlẹ̀, ọkàn mi á máa sáré yípo yàrá. Mo máa ń gbọ́ igbe ọmọ tí kò sí níbẹ̀. Nígbà tí Màmá rí i pé oorun nìkan ò tó, wọ́n ní, "Èyí ti ju ohun tí èmi lè wò lọ. A máa lọ rí dókítà ọpọlọ."

Ní Abẹ́òkúta, ta la fẹ́ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún tí kò ní fini ṣe yẹ̀yẹ́? Mo wọ awò dúdú, mo fi ìborùn bo orí. Màmá ní tiwọn jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì dókítà náà, wọ́n ń kí gbogbo ẹni tó ń kọjá. Láti inú ni mo ti gbọ́ ohùn obìnrin kan láti ìjọ wa: "Ẹ kú ìjókòó o, Màmá! Ṣé kò sí?"

"Kò sí. Ọmọ ọmọ mi ló ń gba ìtọ́jú. Ìyẹn dókítà."

Mo pariwo mọ́ wọn nínú ọkọ̀. Mo ní wọ́n ti bà mí jẹ́. Wọ́n jẹ́ kí n pariwo tán. "Nígbà tí ibà ṣe ọ́," wọ́n wí, "gbogbo àdúgbò ni mo sọ fún, o ò sì bínú. Kí ló wá dé tó o bínú sí tèyí?"

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Mi ò padà bí mo ṣe lọ. Mo sọ fún ọ̀gá wa pé mi ò ní máa ti orí iṣẹ́ kan bọ́ sórí òmíràn láìsùn mọ́. Ó gba díẹ̀, a jà lórí ìyókù, a ṣì ń jà. Màmá ránṣẹ́ pe ọkọ mi láti Èkó, wọ́n bi í pé ta ló ń dáná nílé rẹ̀. Ní báyìí, òun ló ń se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ kó tó padà sí Èkó, kì í sì í dùn púpọ̀. Mò ń rí dókítà mi déédéé. Àwa obìnrin tó kù níbi iṣẹ́ máa ń jọ jẹun lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ẹni tó bá dárúkọ aláìsàn kan ló máa fọ abọ́. Ọ̀kan nínú wa ti lọ sí Ìlú Ọba láti ìgbà náà. Ara mi ò tíì balẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá kan sunkún níwájú mi láìpẹ́ yìí, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mi ò sì wo aago.

Màmá lọ láàárọ̀ ọjọ́ òjò kan, Màmi ló wà lọ́dọ̀ wọn. Lẹ́yìn ìsìnkú, Màmi ò dúró. Wọ́n fọ gbogbo kọ́tìnì ilé Ìbarà, wọ́n pín ìrẹsì tó ṣẹ́ kù fún àwọn aládùúgbò, wọ́n padà sí iléèwé, wọ́n ń ti ìpàdé kan bọ́ sí òmíràn. Wọn ò sunkún. Ọ̀rọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí lẹ́rù.

Ní ọ̀sán Sátidé tó kọjá, wọ́n dé sí ilé mi ní Adigbe láìsọ tẹ́lẹ̀, wọ́n ní àwọn wá mú abọ́ kan tí wọ́n fi gbé oúnjẹ wá. Mo lọ wá abọ́ náà. Nígbà tí mo padà, wọn ò sí ní pálọ̀ mọ́. Yàrá mi ni mo ti bá wọn, wọ́n ti dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, gèlè wà lórí wọn, báàgì wọn sì wà láyà.

"Màmi, ṣé kò sí?"

"Mo kàn fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀," ni wọ́n wí, omi sì ń ṣàn ní ẹ̀gbẹ́ ojú wọn. Kí n tó mọ ohun tí mo máa sọ, oorun ti gbé wọn lọ.

Fóònù wọn dún nínú báàgì. Mo yọ ọ́, mo gbé e jáde. Akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ìyá nínú ìjọ ni. Ó ní wọ́n ń retí wọn ní ìpàdé.

"Wọn ò ní lè wá, Mà. Wọ́n ń sùn."

"Ha, ṣé kò sí o? Ṣé ara wọn ò yá ni?"

"Ara wọn yá, Mà. Wọ́n kàn ń sùn ni."

Ire ti yọjú sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń wo ìyá ìyá rẹ̀ tẹnu ń yà á. "Mọ́mì," ó fọhùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "mi ò rí kí Màmá Tíṣà sùn rí."

"Èmi náà ò rí i rí."

Ó bọ́ sálúbàtà rẹ̀, ó rọra gun orí bẹ́ẹ̀dì, ó fẹ̀yìn ti ìyá àgbà rẹ̀. Mo dúró níbẹ̀, ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ mi ti yà síta. Ọbẹ̀ wà lórí iná. Aṣọ wà nínú omi. Mo lọ pa iná ìdáná, mo padà wá, mo sì ní kí Ire sún díẹ̀ fún mi.